Àyè Ọwọ́ Létí Igbá

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, fóònù Moyọ̀sọ́lá ní òun kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́, fóònù náà gbọ̀n díẹ̀, ó kọ̀, kò ṣí. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó tún gbé e lé e. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Pàbó ni. Jael, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ gba yàrá ní Yaba, bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní àfi kó yáa padà sí ọ́fíìsì lọ wá ọwọ́ tó gbàgbé síbẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá ni Jael fa ọwọ́ náà sójú fèrèsé, ló bá tẹjú mọ́ ọn.

"Moyọ̀, wo àtàǹpàkò ẹ. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀ mọ́ o."

Lóòótọ́ ni. Àwọn ìlà wínníwínní tí Ọlọ́run ń fín sórí ìka ọmọ aráyé ti lọ pátá. Ibẹ̀ ń dán bí ojú tánganran, ó sì tutù. Ní Ọjọ́rú, ìka tó tẹ̀ lé e náà ti dán. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, gbogbo ìka òsì ti dán, òtútù náà sì ti kọjá ọrùn ọwọ́, ó ń gòkè lọ sí ìgúnpá. Dókítà wò ó títí, ó kọ ìpara fún un. Ìpara kẹ̀! Ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà dé ìdí ọkàn, nítorí alòsì ni, ó sì rántí ohun tó fi ọwọ́ yẹn ṣe lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́. Àkàngbé ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́, tó ń fín igbá ní Mushin fún ogójì ọdún kí ojú rẹ̀ tó fọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Moyọ̀sọ́lá kò kọ́ igbá fínfín ní tiẹ̀, kọ̀ǹpútà ló kọ́. Tó bá sì ti ibi iṣẹ́ dé, ìṣirò ló fi ń ṣeré. Á kọ ìṣirò kúkúrú kan, kọ̀ǹpútà á mú ìdáhùn rẹ̀ dá padà sínú ìṣirò kan náà, á tún mú un dá padà, lọ́pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà, títí àwọn nọ́ńbà gbígbẹ yẹn á fi di ọnà. Ewé á máa yọ lára ewé. Tó bá sún mọ́ ewé kékeré kan, odindi igi ló máa bá nínú rẹ̀, lára igi yẹn náà, ewé tó gbé igi mìíràn pọ̀n. Kò lópin. Nígbà mìíràn, ẹwà rẹ̀ á pọ̀ débi pé omi á lé ròrò sójú rẹ̀.

Lọ́dún yìí ó ní òun á fi ìṣirò fín igbá kan, òun á gbé e lọ síbi ìpàtẹ ọnà ní Iganmu, orúkọ bàbá òun ni òun á sì kọ sí i. Ó fi ọwọ́ òsì fa ìlà kan ṣoṣo sójú kọ̀ǹpútà, ó ní kó máa tún un fà, kó máa yí i po, kó máa sọ ọ́ di kékeré. Ọnà tó jáde, ẹnu ò lè sọ ọ́ tán. Àmọ́ ibì kan ṣófo létí igbá náà, kò ju èékánná lọ. Ìṣirò kò ní kí ibẹ̀ ṣófo. Moyọ̀sọ́lá wá àṣìṣe títí, kò rí. Ẹ̀yin náà mọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wọn kì í rí àléébù kí wọ́n fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ó kọ àṣẹ mẹ́ta kún un, ó dí ibẹ̀ pa.

Bẹ́ẹ̀, ó ti rí irú àlàfo yẹn rí. Gbogbo igbá bàbá rẹ̀ ló ní in. Àyè ọwọ́ ni bàbá ń pè é. Láti kékeré ló ti ń sọ fún un pé oníṣẹ́ igbá kì í dí àyè ọwọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ọwọ́ ń gbà padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó bá sì dí i, ó ti kí ayé pé ó dìgbóṣe. Moyọ̀sọ́lá pè é ní ọ̀rọ̀ àgbà lásán. Ní Ọjọ́bọ̀ ló wá gbà pé àyè bàbá òun ni òun dí, pé ọwọ́ òun tó ń tutù yìí kàn ń kìlọ̀ fún òun ni. Ó yọ àṣẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò. Síbẹ̀, àyè tó dí lójú kọ̀ǹpútà kò ṣí padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó gbé kọ̀ǹpútà sápò, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Mushin. Bàbá wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fara ti ògiri, igbá tó fín kẹ́yìn kí ojú tó lọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọnà ti kún ara igbá náà tán, ó ku àyè ọwọ́ nìkan. Ìró irin tí wọ́n ń lù ní ọjà Ládìpọ̀ ń wọlé wá láti òkèèrè.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá."

"Moyọ̀? Ṣé kò sí o? O ò lọ síbi iṣẹ́?"

Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ òsì ọmọ rẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi ìka tọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí ló nu ọwọ́ ẹ báyìí?"

Moyọ̀sọ́lá bú sẹ́kún. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún bàbá, kò fi nǹkan kan pa mọ́. "Ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Mo ti pa yín, bàbá."

"Gbé e wá ná."

Ó gbé kọ̀ǹpútà náà lé e lẹ́sẹ̀. Gíláàsì pẹlẹbẹ ni ojú kọ̀ǹpútà, gbogbo wa la mọ̀. Síbẹ̀, bí bàbá ṣe ń fi ìka lọ lójú rẹ̀, Moyọ̀sọ́lá ń gbọ́ ọ kẹrẹkẹrẹ, bí èékánná ṣe ń dún lára igbá tí wọ́n fín. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dáa o. Ó mà dáa jù. Ìwọ tí o ní o ò kọ́ṣẹ́!" Ìka rẹ̀ dé etí igbá, ó dúró. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Moyọ̀, èyí kì í ṣe tèmi."

"Báwo ni, bàbá?"

"Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń fín igbá. Ọ̀tún ni ìlà mi máa ń dà sí. Òsì ni gbogbo èyí dà sí. Ọwọ́ ẹ nìyí. Àyè tìẹ lo dí."

Òtútù náà ti dé èjìká rẹ̀. "Ṣé kò ṣeé ṣí mọ́ ni?"

Bàbá na ọwọ́ sí igbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi ìka wá àyè ọwọ́ tirẹ̀. "Ó ṣeé ṣí. Lọ bá mi po ògì wá ná. Mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu."

"Bàbá, ẹ̀mí mi—"

"Mo ní kó o lọ po ògì, ọmọ mi. Mo gbọ́ ẹ."

Bó ṣe ń wọlé, ó rí bàbá tó ń nawọ́ sábẹ́ ẹní, níbi tó máa ń fi ọ̀bẹ iṣẹ́ sí. Kò fọkàn sí i. Ó gbé omi kaná, ó po ògì, ó fi ọwọ́ òsì gbé abọ́ gbígbóná náà, kò gbóná mọ́ ọn rárá. Ìgbà yẹn ló gbọ́ ọ̀bẹ lára igbá. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta. Ooru abọ́ náà já wọ ìka rẹ̀ lójijì, ó ké, abọ́ bọ́ sílẹ̀, ó sáré jáde.

Bàbá ti gbórí lé ògiri. Ó ti fi ọ̀bẹ lélẹ̀, ó kọ ẹnu ọ̀bẹ náà sí ògiri, bó ṣe máa ń ṣe tí iṣẹ́ bá parí. Igbá wà lórí orúnkún rẹ̀, kò sí àyè kankan létí rẹ̀ mọ́. Lójú kọ̀ǹpútà, létí ọnà náà, ibì kan tí kò ju èékánná lọ ti ṣófo.

Ó pe bàbá, ó fọwọ́ kàn án láyà, kò mí mọ́. Ó mú fóònù láti pe Jael, ó fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́. Fóònù náà gbọ̀n, ó kọ̀. Ó gbé ìka náà sójú ìmọ́lẹ̀. Ìlà ti kún orí rẹ̀ padà, wínníwínní, àmọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn dà sí.