Àpò Tó Pòórá Lọ́jọ́ Ìkómọ Verna

Àpò náà kò sí lórí àpótí mọ́. Nevine wo abẹ́ ibùsùn, ó wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tú gbogbo aṣọ ọmọ síta, kò rí i. Ó wá jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ẹkún tó sun ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àwọn tó ń ná ẹja létí òkun Alẹkisáńdíríà gbọ́ ọ.

Ẹkún náà tọ́ sí i. Inú àpò awọ yẹn ni ìwé ìrìnnà òun àti Dale ọkọ rẹ̀ wà, àti ìwé ìgbéyàwó wọn, àti ìwé ìbí àwọn méjèèjì láti Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n bí wọn sí, àti ìwé ìbí Verna, ọmọ tuntun jòjòló wọn, tí ìjọba Íjíbítì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn. Ọmọ Amẹ́ríkà ni bàbá, ọmọ Amẹ́ríkà ni ìyá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ òkèèrè ni Verna ti kọ́kọ́ rí oòrùn. Àfi kí wọ́n kó ìwé wọ̀nyí lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Káírò lọ́la, kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ọmọ ilẹ̀ wọn ni òun náà. Bí wọn ò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ìwé ìrìnnà fún un. Bí kò bá sí ìwé ìrìnnà, ọkọ̀ òfuurufú kò ní gbé e.

Ní Ohio lọ́hùn-ún, bàbá Dale wà lórí àìsàn. Àwọn dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá náà tọrọ: kí òun fi ọwọ́ ara òun gbé ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ ìyàwó òun tó ti kú, kí òun tó lọ bá a. Bí ọ̀la bá fò wọ́n ru, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n tó lè rí àyè mìíràn. Bàbá náà kò sì ní oṣù kan nílẹ̀.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi pe ọlọ́pàá. Ẹni tí wọ́n rán wá ni Ọ̀gá Ihab Sallam, ọkùnrin sísanra tó ń rìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ológbò. Orin kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ń ronú, á máa kùn ún lábẹ́ imú, débi pé gbogbo olè ìlú ló mọ̀ pé tí orin Ọ̀gá Ihab bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, ọwọ́ ti tẹ ẹnì kan nìyẹn.

Bó ṣe wọlé, ilẹ̀ ń dún gírígírí lábẹ́ bàtà rẹ̀. Iyọ̀ ni. Àná ni wọ́n ṣe ìkómọ, ọjọ́ keje ọmọ, iyọ̀ sì kún gbogbo ilé látẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná. Kò sí ẹni tó tọrọ gáfárà nítorí ilẹ̀ tó dọ̀tí, Ọ̀gá Ihab náà kò sì retí rẹ̀. Iyọ̀ ìkómọ, wọn kì í gbá a títí oòrùn ọjọ́ kejì á fi wọ̀, nítorí ẹni tó bá gbá a, ààbò ọmọ ló gbá dànù. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ ti gbá a létí rí nítorí pé ó mú ìgbálẹ̀ láago tí kò yẹ.

Ó wọ yàrá Nevine, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ojú sún mọ́ orí àpótí títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó wá dìde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ orin:

Mo wá a lókè, n ò rí i,
Mo wá a nísàlẹ̀, n ò rí i,
Ẹni tó gbé e ń bẹ nílé,
Ó ń bá wa mu tíì.

Àǹtí Firyal ló kọ́kọ́ jókòó síwájú rẹ̀. Àbúrò ìyá Nevine ni, òun àti ọkọ rẹ̀ ló ni ilé. Obìnrin náà kò dúró kí wọ́n bi í.

"Ọ̀gá mi, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ mú," ó ní. "Èmi ni mo pariwo jù. Mo ní kí wọ́n fi ọmọ yìí sílẹ̀ fún mi. Mo sọ ọ́ létí Dale, mo sọ ọ́ létí àlùfáà, mo sọ ọ́ létí ẹlẹ́ja."

"Kí ni ẹlẹ́ja wá wí, Màmá?"

"Ó ní kí n mú ẹja mi kí n máa lọ ilé."

Ọ̀gá Ihab rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Ó wá bi í bí ọ̀rọ̀ àná ṣe lọ. Firyal ròyìn pé gbogbo èèyàn ló wà ní pálọ̀, wọ́n tẹ́ ọmọ sínú asẹ́ ńlá bí àṣà Íjíbítì, Nevine ń gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, odó idẹ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ kí ó má baà ya ojo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n paná, tí wọ́n tan àbẹ́là. Òun Firyal bọ́ síwájú pẹ̀lú àwo iyọ̀, àwọn tó kù tẹ̀ lé òun pẹ̀lú orin, wọ́n ń ti yàrá dé yàrá, òun sì ń fọ́n iyọ̀ sókè sílẹ̀. Nínú òkùnkùn yẹn, ta ló ń wo àpò?

"Ẹ fọ́n in sórí àpótí Nevine náà?"

"Mo fọ́n in sórí ohun gbogbo. Mo fọ́n in sórí Dale pàápàá, ó wọ̀ ọ́ lójú."

Ìyá Girgis, ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀, ló tẹ̀ lé e. Òun ló gún odó idẹ. Ó ní apá ṣì ń ro òun, pé òun kò fi ọmọrí odó sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo àdúgbò sì lè jẹ́rìí torí kò sí ẹni tó lè sùn. Ó ròyìn bí wọ́n ṣe ń kígbe sọ́mọ létí pé kó gbọ́ ti ìyá rẹ̀, kó má gbọ́ ti bàbá rẹ̀, tí Dale òpè náà sì ń bá wọn kígbe rẹ̀ tagbára tagbára, lòdì sí ara rẹ̀. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bá wa jókòó, ọmọ mi. Labib. Ṣùgbọ́n òun kọ́. Òun ló ń fẹ́ kí wọ́n tètè lọ jù."

Labib ni ọkọ Firyal, awakọ̀ tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, tó ti fẹ̀yìn tì, gbígbẹ bí igi, tí kì í rẹ́rìn-ín bí kò bá nídìí. Yàrá kékeré kan wà tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá a gbá a. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ń gbá a fúnra rẹ̀. Firyal máa ń ṣàwàdà pé bí èèrùn bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, àfi kó kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀. Ọ̀gá Ihab bá a tó jókòó sórí ibùsùn, ìgbálẹ̀ fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iyọ̀ ń tàn lórí ilẹ̀. Rédíò onígi ńlá àtijọ́ kan gúnwà sí ìdí ògiri.

"Bàbá, ẹ kú ìnira. Wọ́n ní ẹ ò bá wọn ṣe àríyá àná."

"Àríyá wo? Mo di òwú sétí, mo sùn. Ọmọ yẹn ń ké bí ìgbà tí bíréèkì tíráàmù bá há. Kí wọ́n máa gbé e lọ, kí n rí orun sùn."

"Ẹ ò jáde rárá?"

"Àwọn obìnrin ló wọlé wá bá mi, tí wọ́n da iyọ̀ lé mi lórí bí ẹni fẹ́ dín ẹja."

Ọ̀gá Ihab ń kọrin lábẹ́ imú. Ó lọ dúró ti rédíò, ó fọwọ́ ra á lórí.

"Ọ̀rẹ́ orin ni mí, Bàbá. Ṣé eléyìí ṣì ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ti yadi tipẹ́. Láti ìgbà tí mo ti gbé Firyal níyàwó ni mi ò ti gbé e kúrò níbẹ̀."

"Áà, ó mà ṣe o," ni Ọ̀gá Ihab wí. Ó tẹ̀ ba, ó fi èjìká gbé igun kan rédíò náà sókè díẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó rọra gbé e kalẹ̀.

Orin dákẹ́.

Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí gbogbo wọn máa bọ̀. Firyal wọlé, Ìyá Girgis wọlé, Dale wọlé, Nevine gbé ọmọ tẹ̀ lé e. Yàrá há mọ́ wọn.

"Ẹ gbọ́ mi," ni Ọ̀gá Ihab wí. "Iyọ̀ wà lórí àpótí Nevine, ní ojú ibi tí àpò ti máa ń wà gan-an. Bí àpò bá wà níbẹ̀ nígbà tí Màmá ń fọ́n iyọ̀, ojú ibẹ̀ ì bá mọ́. Ìyẹn ni pé wọ́n ti gbé e lọ kí iyọ̀ tó dé, nígbà tí gbogbo èèyàn yí asẹ́ ká. Kì í ṣe Màmá Firyal, nítorí ta ló máa jí nǹkan tán tó tún máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́n ẹ̀rí sójú ibẹ̀? Kì í ṣe Ìyá Girgis, nítorí odó kò dákẹ́. Ẹnì kan ló kù."

"Ìwọ ọ̀gá yìí, ṣọ́ra o," ni Labib wí.

"Bàbá, rédíò tí ẹ ò gbé láti ìgbà ìgbéyàwó yín, iyọ̀ àná wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn obìnrin jáde lẹ ṣí i nípò, kí ọwọ́ yín lè tó ẹ̀yìn rẹ̀."

Ó yí rédíò padà, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Àpò awọ náà jókòó sínú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Nevine gbá a mú mọ́ àyà pẹ̀lú ọmọ. Firyal ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

"Labib? Ìwọ tó ní ariwo ń dà ọ́ láàmú?"

"Ẹ má bínú sí i ná, Màmá," ni Ọ̀gá Ihab wí. "Ohun tó yà mí lẹ́nu jù kò tíì jáde lẹ́nu mi. Bàbá yìí mọ̀ pé iyọ̀ lè tú àṣírí òun. Ìgbálẹ̀ rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ́ kí èérún búrẹ́dì sùn nílẹ̀, ó jókòó sínú iyọ̀ láti àná, kò gbá a. Olè tí kò fẹ́ràn ọmọ yìí ì bá ti gbá a tipẹ́. Òun kò lè gbá ààbò ọmọ dànù, bí wọ́n tilẹ̀ máa tìtorí rẹ̀ mú un. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe pé ó fẹ́ kí ọmọ lọ."

Ohùn Labib ti yàtọ̀ nígbà tó fèsì.

"Firyal ń pariwo, ó sì ń tán nínú rẹ̀. Èmi ò lè pariwo. A ò bímọ. Ní àárọ̀ tí gbogbo yín bá ṣì ń sùn, èmi ni mo ń gbé e lọ sójú fèrèsé kó wo òkun. Mo ní bí wọ́n bá pàdánù ọ̀la, wọ́n á lo oṣù kan sí i. Oṣù kan péré."

Dale, tí èdè ibẹ̀ kò tíì dán mọ́rán lẹ́nu rẹ̀, wá ọ̀rọ̀ títí ó fi rí i.

"Bàbá mi kò ní oṣù kan."

"Mo rò pé ẹ̀tàn ni," ni Labib wí. "Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kó lọ Amẹ́ríkà ló máa ń ní bàbá tó ń ṣàìsàn."

"Òótọ́ ni, Bàbá Labib," ni Nevine wí. "Ó ń dúró de Verna ni."

Labib bo ojú. Ọ̀gá Ihab kọjú sí Nevine, ó ní ẹjọ́ di ọwọ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́, òun á mú bàbá lọ sí àgọ́, bí kò bá sì fẹ́, òun á kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n rí àpò nínú ilé. Nevine nu ojú rẹ̀. Ó ní òun ti dájọ́: Bàbá Labib ló máa gbé àpò náà dé Káírò, orí itan rẹ̀ ni yóò sì wà jálẹ̀ ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Láti ibùdókọ̀ ojú irin Alẹkisáńdíríà títí dé Káírò, bàbá náà fi ọwọ́ méjèèjì di àpò mú, kò mu omi, kò jẹ́ kí Firyal fara kàn án. Àwọn òbí ọmọ gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wọ ilé iṣẹ́ aṣojú, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n búra pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí àwọn wí. Nígbà tí wọ́n jáde, Labib dúró sínú oòrùn lódìkejì títì.

"Ṣé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Wọ́n ti kọ ọ́, Bàbá. Ó ti di ọmọ Amẹ́ríkà pátápátá."

"Ṣé wọ́n bi í bóyá ó ń padà bọ̀?"

"Wọn ò bi í."

"Wọn ò mọṣẹ́ wọn nìyẹn."

Dale gbé Verna lé e lọ́wọ́. Labib bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó bi ọmọ náà ní ìbéèrè tí àwọn aláṣẹ gbàgbé. Verna yán, ẹnu rẹ̀ ṣí gbàgà.

"Ẹ gbọ́ ọ," ni Labib wí, ẹ̀rín sì bo gbogbo ojú rẹ̀. "Ó ní òun ń bọ̀."