Agbára Fọláyan, Ọ̀rá Ni

Mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Fọláyan, ọmọ onílẹ̀ ní Kuje tó wà lẹ́bàá Festac, kì í fi ọtí sílẹ̀ láàárọ̀, kì í fi í sílẹ̀ lálẹ́. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ ń wú: ọrùn lọ́tùn-ún lósì, èjìká méjèèjì, apá méjèèjì, ọgbọọgba. Àwọn tí wọ́n jọ ń mu rò pé iṣan ni. "Jagunlabí!" ni wọ́n ń kí i. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló ń wọ̀ kiri Festac, kí ayé lè rí i.

Dókítà ní ọ̀rá ni, àrùn tó ṣọ̀wọ́n. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló ń mutí, ṣùgbọ́n ọtí ló ń bọ́ ti Fọláyan. "Bí a bá gé e tí ẹ kò fi ọtí sílẹ̀, yóò tún wú."

"Dókítà, ìlara lẹ ń ṣe. Ẹ wo apá tiyín bí ìgbálẹ̀!"

Adébánjí, bíríkìlà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí Jésù ti gbà lọ́wọ́ ọtí, ní, "Fọlá, iṣan kì í rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Jésù lè gbà ọ́."

"Pásítọ̀ oní-mínírà, yàgò fún mi!"

Lọ́jọ́ kan, Fọláyan lọ wo ilé tí Adébánjí ń mọ ní Abúlé Adó. Lébìrà kan ní, "Ẹ̀gbọ́n alágbára, ẹ bá wa gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan."

Ó gbá a mú. Àpò náà kò mì. Ó tún gbìyànjú. Ó ṣubú lé e, ó ń mí gúlegúle. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Adébánjí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé e jókòó.

"Bánjí, mi ò lágbára kankan."

"Mo mọ̀. Ọlọ́run náà mọ̀. Ìwọ nìkan ni kò mọ̀."

Lórí àpò sìmẹ́ǹtì yẹn ni Fọláyan ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, tó ké pe Jésù.

Mi ò ní parọ́ fún ọ: àwọn kókó ọ̀rá náà kò pòórá. Iṣẹ́ abẹ ló ń retí. Ṣùgbọ́n ó padà lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí.

"Jagunlabí, wá jókòó!"

"Mi ò ní jókòó! Ọ̀rá lẹ ń kí, kì í ṣe èmi. Kristi ni agbára mi. Ẹ gbé ìgò yín sọ́hùn-ún!"

Ìwọ tó ń kà á, kí ni ayé ń yìn ọ́ fún, tí Ọlọ́run mọ̀ pé àrùn ni? Má dúró de àpò sìmẹ́ǹtì tìrẹ. Níbi tí o wà yẹn, lónìí, sọ ọ́ jáde: "Jésù, mi ò lágbára. Gbà mí." Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rín in tẹ́rùn.