Ìtẹ́ Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Tí Wọ́n Sè fún Jia Wen

Kí oòrùn tó ràn dáadáa ní ìlú Sitiawan ni àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti máa ń tú jáde lókè ilé Gaik Sim bí èéfín. Òkè jẹ́ tiwọn, ìsàlẹ̀ jẹ́ ti ènìyàn. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló dí àwọn fèrèsé òkè pa, tó fi ihò kan sílẹ̀, tó gbé ẹ̀rọ tó ń ké bí ẹyẹ síbẹ̀ kí àwọn ẹyẹ lè máa rò pé ará wọn ló ń pè wọ́n. Wọ́n sì wá lóòótọ́. Itọ́ ẹnu wọn ni wọ́n fi ń mọ ìtẹ́ mọ́ igi àjà. Tí ọmọ wọn bá ti fò lọ tán, ènìyàn á gòkè lọ ká ìtẹ́ náà, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á sè é mu. Bí wọ́n ti ń ṣe kí wọ́n tó bí Gaik Sim nìyẹn, kò sì sí ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé fún àìsàn tó ju ìtẹ́ ẹyẹ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ lé itan. Ìtẹ́ náà ti wà nínú omi tútù mọ́jú, ó ti rọ̀, ó ti wú, ó ti tú fọ́nrán-fọ́nrán bí òwú. Ẹ̀mú kékeré ló fi ń ṣa ìyẹ́ wẹ́wẹ́ kúrò lára rẹ̀. Jia Wen, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi àwọn ìyẹ́ náà ṣeré, ó ń wúkọ́. Ikọ́ fée ni. Láti ìgbà tó ti ń rákòrò ló ti ń bá a jà.

Siew Hiong yọjú. Òun ló ń ta egbò igi àti ewé gbígbẹ nínú ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé ilé wọn, kò sì sí àárọ̀ tí kì í wá tọ́ Gaik Sim níjà.

"Gaik Sim, ìyẹ́ lò ń ṣà ni, àbí ewú tó já láti orí ẹ sínú abọ́?"

"Bí ojú mi tiẹ̀ fọ́ pátápátá, mi ò ní ṣàì rí ẹnu ẹ. Ó gbòòrò tó."

Siew Hiong rẹ́rìn-ín, ó fa àpótí kan jókòó. "Ìyàwó ọmọ mi ní Ipoh, orí iná ló kàn gbé tiẹ̀ kà, ló ń rò ó bí ẹ̀kọ. Nígbà tó máa ṣí i, omi lásán!"

"Áà! Ó ti yòrò nìyẹn. Inú ìkòkò kékeré olómorí ni wọ́n ń dà á sí, wọn á wá gbé ìyẹn sínú ìkòkò ńlá tó lómi, kí iná rọra máa jó lábẹ́. Ooru omi ló yẹ kó sè é. Tó bá kù díẹ̀ kó jinná lèèyàn ń fi ṣúgà olókùúta sí i, àti èso pupa gbígbẹ yẹn, àti atalẹ̀ bíńtín tí àyà bá tutù."

"Èmi, omi ẹran adìyẹ ni mo máa ń fi sè é. Nígbà tí mo bímọ tán, ìyẹn ló gbé mi dìde."

Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀ tí Swee Lan, ìyá Jia Wen, fi jáde láti inú ilé. Ó ti wọ aṣọ iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ẹja, tí wọ́n ń mọ ọ́n róbótó-róbótó, ló ń lọ. Ọkọ rẹ̀, Boon Teik, wà ní Singapore níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́. Swee Lan wo abọ́ tó wà lórí itan ìyá ọkọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Jia Wen lẹ fẹ́ fún nìyẹn?"

"Ta ni ǹ bá tún fún? Àwọn ẹyẹ?"

"Ètè ọmọ yìí wú nígbà tó mu ú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo ara rẹ̀ sú bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ. Ó họra títí ó fi sùn."

Siew Hiong ló gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. "Ìyẹn gan-an ló dáa o, ìyàwó! Májèlé ikọ́ ló ń gba awọ ara jáde. Tí ìtẹ́ ẹyẹ bá wọnú, ohun tó bà jẹ́ gbọ́dọ̀ jáde. Ẹni tó bá dá a dúró lágbedeméjì, ṣe ni májèlé náà máa yíjú padà sínú ẹ̀dọ̀fóró."

"Àmọ́, Àǹtí, nọ́ọ̀sì sọ pé ohun tó bá ti mú kí ara ọmọ sú..."

"Nọ́ọ̀sì ló bí ọkọ ẹ fún ẹ ni?" Gaik Sim kò gbójú sókè. "Nígbà tí Boon Teik tó Jia Wen, àyà rẹ̀ ń dún bí ẹwìrì tó lu. Ìtẹ́ ẹyẹ yìí ni mo fi wò ó. Ní báyìí, ó ń gbé sìmẹ́ǹtì gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ."

Ìyàwó kì í bá ìyá ọkọ fa ọ̀rọ̀ títí nínú ilé yẹn. Swee Lan gbé ike oògùn kékeré tí Jia Wen ń fà sẹ́nu tí èémí bá há a sórí tábìlì, ó fọwọ́ kan orí ọmọ náà, ó lọ.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, oúnjẹ jinná. Ó mọ́, ó ń dán, ó ń ta sánsán ṣúgà. Gaik Sim fẹ́ ẹ títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Jia Wen mi, yanu."

"Ìyá Àgbà, mi ò fẹ́."

"Ọmọ tí ò bá mu ún, àyà rẹ̀ ò ní jẹ́ kó sáré bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó mà dùn."

"Ó dùn. Àmọ́ ó máa ń ta mí lọ́fun."

"Ikọ́ ló ń ta ẹ́. Ó yá, ti bàbá tó wà ní Singapore nìyí. Àà! Ọmọ mi! Ti màmá nìyí. Ti Ìyá Àgbà ńkọ́, ṣé o ò fẹ́ràn Ìyá Àgbà ni?"

Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀. Ó yanu.

Abọ́ kò tíì tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí họ ọrùn. Ètè rẹ̀ wú, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú bo ojú. Gaik Sim sọ fún ara rẹ̀ pé májèlé náà ti ń jáde, lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ ni yóò jáde. Ó fi òróró olóòórùn ra á láyà àti lẹ́yìn. Jia Wen bì. Gaik Sim nu ilẹ̀, ó ní kò burú, ẹnu náà ni májèlé ń gbà jáde. Ó fún un ní ike rẹ̀ fà, kò ràn án lọ́wọ́. Mímí rẹ̀ ti ń dún fíì-fíì bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

Ó ké sí Siew Hiong láti ojú fèrèsé.

"Ó ti sú jáde?" ni Siew Hiong dáhùn. "Fún un lómi gbígbóná, bò ó láṣọ, jẹ́ kó jáde tán!"

Wọ́n bò ó láṣọ. Siew Hiong jókòó tì wọ́n, ó ń sọ̀rọ̀ sókè ju bó ti ń sọ ọ́ láàárọ̀ lọ. Àwọn méjèèjì ń wo ọmọ, wọ́n ń dúró de ìgbà tí yóò rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀. Ohùn rẹ̀ há, ètè rẹ̀ dúdú bí aró. Ó di ọwọ́ ìyá àgbà mú.

"Ìyá Àgbà, afẹ́fẹ́ ti tán."

Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

"Gbé e!" Siew Hiong ti dìde. "Gaik Sim, gbé ọmọ, kí ló ń ṣe ẹ́! Gbé e!"

Inú ọkọ̀ tí Siew Hiong fi ń kó ewé gbígbẹ ni wọ́n gbé e sí. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, ọrùn ọmọ náà ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ nítan, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun, wọ́n fa aṣọ bo ibẹ̀. Gaik Sim dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ká bí ẹni tó gbọ́mọ.

Ìgbà tí Swee Lan ti ibi iṣẹ́ sáré dé, tòun ti fìlà róbà lórí, ni dókítà jáde. Vasanthi lorúkọ rẹ̀.

"Ọkàn rẹ̀ ti dúró nígbà tí ẹ gbé e dé. A ti mú un lù padà, àmọ́ ọmọ náà kò rí afẹ́fẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Kí ló jẹ?"

"Ìtẹ́ ẹyẹ," ni Gaik Sim wí.

"Ṣé ó ti jẹ ẹ́ rí?"

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ètè rẹ̀ wú, ara rẹ̀ sú. A rò pé... májèlé ló ń jáde."

Dókítà pa ojú dé díẹ̀. "Ìyá, kò sí májèlé kankan tó ń jáde. Ara ọmọ ló kọ oúnjẹ náà. Àwọn kan wà tí ara wọn máa ń kọ ẹyin, àwọn kan ẹ̀pà, àwọn kan edé. Ti ìtẹ́ ẹyẹ wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tiwa níbí ju bí ẹ ti rò lọ. Ara máa ń kọ́kọ́ kìlọ̀ nígbà mìíràn. Tẹ́ ẹ bá tún fún un, ó lè bínú ju ti àkọ́kọ́ lọ: ọ̀fun á wú dí, èémí á dúró. Tí ikọ́ fée bá tún wà níbẹ̀, ó burú jù."

"Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni mo fẹ́ tún ṣe o, dókítà."

"Mo mọ̀. Oúnjẹ tó dáa ni fún ẹni tára rẹ̀ gbà á. Àmọ́ kì í ṣe oògùn ikọ́ fée. Ká ní ẹ gbé e wá nígbà tí ètè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú, abẹ́rẹ́ tí a gún un yẹn ì bá tètè là á lọ́fun."

Jia Wen kò jí; ọpọlọ rẹ̀ ti kú. Ẹ̀rọ ni ó ń mí fún un títí Boon Teik fi dé láti Singapore, lẹ́yìn náà wọ́n pa ẹ̀rọ náà.

Ní ọ̀dọ̀ wọn, orí funfun kì í sin orí dúdú. Òbí kì í tẹ̀ lé pósí ọmọ, ìyá àgbà kì í tẹ̀ lé ti ọmọ ọmọ. Àwọn ìbátan Boon Teik ló gbé pósí kékeré náà lọ, láìsí orin, láìsí ẹlẹ́kún lẹ́yìn. Gaik Sim àti Swee Lan jókòó sínú ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bí ọkọ̀ ti ń jìnnà.

"Sọ̀rọ̀ sí mi," ni Gaik Sim wí. "Bú mi."

Swee Lan kò bú u. "Mo rí i, Ìyá. Mo rí i pé ètè rẹ̀ wú, mo sì gbé e sílẹ̀ fún yín, torí pé mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo yájú sí ìyá ọkọ mi. Ẹ̀yin ò mọ̀. Èmi mọ̀, mo sì lọ."

Kí oṣù náà tó parí, òun àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Singapore. Boon Teik tẹrí ba fún ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹun nínú ilé náà kó tó lọ. Siew Hiong ṣì ń ta ewé gbígbẹ. Bí oníbàárà bá ní ara ọmọ òun sú lẹ́yìn tó mu nǹkan, ó máa ń bọ́ síta lé e lọ sí ilé ìwòsàn, á máa pariwo bí ẹni ń lé olè. Gaik Sim wà nílé, òun nìkan pẹ̀lú àwọn ẹyẹ. Nígbà tí àwọn elétò ìlera wá pe àwọn obìnrin jọ ní gbọ̀ngàn ilé òrìṣà, ó dìde, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan sunkún. Àwọn kan kò lè wo ojú rẹ̀. Ó padà jókòó.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ìyá àgbà, ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni. Bóyá ìtẹ́ ẹyẹ kò sí lọ́dọ̀ yín, ẹ̀pà wà, edé wà, ẹyin wà, wàrà wà. Bí ọmọ bá jẹ ohun kan, tí ètè rẹ̀ wú, tí ara rẹ̀ sú, tó ń bì, tí ohùn rẹ̀ há tàbí tí mímí rẹ̀ ń dún, ẹ má pè é ní májèlé tó ń jáde. Ẹ má fi òróró ra á lára, ẹ má bò ó láṣọ, ẹ má dúró wò ó. Ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó jẹ. Tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó lọ, ẹ má tún fún un ní ohun náà láti dán an wò. Ẹ bi dókítà bóyá ó yẹ kí irú abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún Jia Wen wà nílé. Ọmọ tó bá ní nǹkan ń ta òun lọ́fun, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, bí ojú yín bá rí i, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Bí wọn ò bá gbọ́, ẹ gbé ọmọ yín. Àgbà tí wọ́n yájú sí lè dárí jì. Ọmọ tó ti lọ kò ní padà wá gba ẹ̀bẹ̀.