Ọmọ Iṣẹ́ Tiwalọlá

Ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìtẹ̀wé kan ní Mushin ni Abọ́dúndé wà nígbà tó kọ́kọ́ rí Tiwalọlá. Obìnrin náà gbé bébà sókè sí oòrùn, ó di ojú kan, ó ń yẹ àwọ̀ rẹ̀ wò bí ìgbà tí èèyàn ń ṣa ẹ̀wà.

"Tàdáwà wà létí yín, àǹtí."

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Pupa yìí ni kò yẹ kó rí báyìí."

Abọ́dúndé rẹ́rìn-ín. Ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà ni òun náà bíi tirẹ̀, ní Surulere. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti ń wá àwáwí láti pàdé, títí ìfẹ́ fi wọ àárín wọn.

Ohun kan ni kò yé Abọ́dúndé. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ni Tiwalọlá fi ń yàwòrán, èyí tí àwọn èèyàn káàkiri ayé para pọ̀ ṣe, tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsan kọ́bọ̀. Ìyà ni Abọ́dúndé kà á sí. Ti olówó ńlá ni òun ń lò, ṣùgbọ́n kò rà á. Ayédèrú tí wọ́n já kọ́kọ́rọ̀ rẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tiwalọlá fi Abọ́dúndé sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Yaba, ó lọ ra ẹja. Kó tó dé, Abọ́dúndé ti yọ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ti fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀bùn ló pè é.

"Ta ló ní kó o ṣe é?"

"Olólùfẹ́ mi, mo fẹ́ kó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni."

"Ẹrù olè lo gbé wọlé fún mi, Dúndé. Bí mo bá nílò ti olówó, màá sanwó rẹ̀. Èyí tí mò ń lò, wọ́n fún mi ni. Bó o bá lè fọwọ́ kan iṣẹ́ mi láìbéèrè, kí ni o ò ní fọwọ́ kàn nínú ilé wa lọ́la?" Ó ṣílẹ̀kùn. "Máa lọ."

Abọ́dúndé padà sí Surulere, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò ṣeé ṣe mọ́. Bó bá ti tan kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ Tiwalọlá ló ń gbọ́. Níkẹyìn ó yọ ayédèrú náà dànù, ó gbé ti ọ̀fẹ́ síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wá dà bí ọwọ́ ọmọdé. Oníbàárà kan wò ó, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Abọ́dúndé wí. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó forí lé Yaba.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá."

"Ta ni ọ̀gá rẹ?"

"Mo ṣẹ̀ yín. Mo ti yọ ayédèrú kúrò lórí tèmi náà. Ẹ gbà mí síṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Tiwalọlá, ó gbé e mì. "Ọmọ iṣẹ́ máa ń gbálẹ̀ o."

Abọ́dúndé mú ìgbálẹ̀. Ó gbálẹ̀, ó kọ́ṣẹ́, kò sì fọwọ́ kan ohunkóhun láìbéèrè, títí kan omi.

"Ọ̀gá, ṣé kí n mu ún?"

"Mu ún jàre, wèrè."

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà tán, Tiwalọlá ní, "O ti mọṣẹ́. Ó yẹ ká ṣe fíríìdọ̀mù fún ọ, kí àwọn àgbà gbàdúrà fún ọ, kó o máa lọ."

"Mi ò gbà á."

"Kí ló dé?"

"Ẹni tó bá gba fíríìdọ̀mù ló ń lọ."

Tiwalọlá wò ó títí, ojú rẹ̀ rọ̀. "Nígbà náà, ní kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀ wá sọ́dọ̀ bàbá mi. Kí wọ́n wá tọrọ mi."