Omi Ẹ̀yìn Ọgbà Ẹranko

Keziah ń ṣàlàyé nípa ògòǹgò lọ́wọ́ nígbà tí ìyá kan láàrin àwọn àlejò fi gèlè bo imú, tó ní, "Ọmọ mi, kí ló ń rùn tó báyìí?"

"Ìgbẹ́ ẹranko ni, mà," ni Keziah dáhùn, ó sì yára darí wọn sọ́dọ̀ kìnnìún.

Ohun tí ọ̀gá ní kó máa sọ nìyẹn. Kíláàsì kẹrin ló wà ní girama, ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, òun ló ń mú àlejò yípo ọgbà ẹranko Ọ̀gbẹ́ni Olúkọ́lá ní àdúgbò Rayfield. Bàbá rẹ̀, Bámgbóṣé, ló ń bọ́ àwọn ẹranko náà. Nígbà tí iṣẹ́ kùsà dẹnu kọlẹ̀ tí wọ́n dá bàbá dúró, Ọ̀gbẹ́ni Olúkọ́lá ló gbà á síṣẹ́, tó tún fún un ní ilé nínú ọgbà. Láti ọjọ́ náà, ìyá Keziah kì í dárúkọ ọkùnrin yìí láì fi àdúrà tì í.

Keziah náà fẹ́ràn ibẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ ìnàkí kan tí wọ́n ń pè ní Lucy, tó máa ń na ọwọ́ jáde láàrin irin láti di ìka rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọ̀gá ti ní bí àlejò bá béèrè ìwé àṣẹ, kó sọ pé ó wà ní ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Keziah wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ń sọ fún bàbá pé òun kò tíì gba àṣẹ kankan lórí kìnnìún àti ìnàkí. Èyí tó tún burú jù ni ti kòtò omi ńlá tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ lẹ́yìn ọgbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da ìgbẹ́, ìfun àti ẹran tó ti rà sí. Nígbà tí ìkookò kan kú, inú omi náà ni wọ́n jù ú sí.

Lódìkejì kòtò yìí, àwọn èèyàn ń gbin tòmátì àti àlùbọ́sà. Hàúwà, ọ̀rẹ́ Keziah tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì, ń gbé níbẹ̀. Oníṣòwò láti Ìlọrin ni bàbá rẹ̀, Lááwàlì.

Lọ́jọ́ kan, Hàúwà dé kíláàsì pẹ̀lú ojú wíwú.

"Ṣàíbù àbúrò mi wà ní ọsibítù," ló wí. "Ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Dókítà ní omi ìdọ̀tí ló mu. Haba, Keziah! Omi kòtò yẹn náà la ti ń pọn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sì ṣe wá ní nǹkan kan rí."

Keziah kò gbọ́ ohun tí tíṣà ń kọ́ wọn títí wọ́n fi jáde.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń fọ garawa oúnjẹ kìnnìún.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún ìjọba."

Bàbá kò wo ojú rẹ̀. "Mo ti bá ọ̀gá sọ ọ́. Ó ní bí mi ò bá lè ṣe é, àwọn tó fẹ́ ṣe é pọ̀ níta. Bí wọ́n bá lé wa, níbo la máa kó ẹrù wa lọ?"

Ó tún ń fọ garawa tó ti mọ́. Ṣùgbọ́n Keziah ṣàkíyèsí pé kò sọ pé kí òun má lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Hàúwà. Hàúwà sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"O mọ̀? O mọ̀, o ń wò wá?"

"Ẹ̀rù bà mí," ni Keziah wí, ó bú sẹ́kún. "Jọ̀ọ́, tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn wolé-wolé."

Hàúwà kọ ẹ̀yìn sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde ní ilé-ìwé, ó tẹ̀ lé e.

Obìnrin ni wolé-wolé tí wọ́n bá, Ìyáàfin Grace Abímbọ́lá. Keziah kí i tán, ọ̀rọ̀ wá ń ya lẹ́nu rẹ̀: ọ̀gá burú, ó fẹ́ pa gbogbo àdúgbò, òun ló pa Ṣàíbù lára.

"Dúró ná, ọmọ mi," ni obìnrin náà wí. "Má sọ èyí tó o rò. Èwo lo fi ojú ara rẹ rí?"

Keziah mí kanlẹ̀. Ó sọ ti kòtò, ó sọ ti ìkookò, ó sọ ohun tó gbọ́ nípa ìwé àṣẹ, kò sì fi nǹkan kan kún un.

"Ìyẹn tó," ni Ìyáàfin Abímbọ́lá wí. "Mi ò ní dárúkọ rẹ fún ẹnikẹ́ni."

Kò pẹ́ tí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko igbó fi dé ọgbà. Ọ̀gbẹ́ni Olúkọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé àṣẹ wà lọ́dọ̀ lọ́yà òun. Nígbà tí wọ́n béèrè ibi tí ìdọ̀tí ń lọ, ó ní wọ́n ń sin ín ni.

Ìyáàfin Abímbọ́lá yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà. Gbogbo wọn wolẹ̀. Keziah fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Bàbá rẹ̀ ló gbé garawa sílẹ̀.

"Ẹ máa bọ̀, mà," ló wí. "Èmi ni mo ń dà á nù. Ẹ jẹ́ kí n fi ibẹ̀ hàn yín."

Ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀gá lé wọn. Wọ́n kó ẹrù lọ sí yàrá kan ṣoṣo ní àdúgbò Kabong. Ìyá ń sunkún, Keziah sì ń rò ó pé òun ti ba ilé jẹ́. Ṣùgbọ́n ìjọba ti ọgbà náà pa, wọ́n fi ọkọ̀ gbé omi tó mọ́ lọ fún àwọn ará ẹ̀yìn kòtò, wọ́n sì kó kìnnìún àti Lucy lọ sí ọgbà ẹranko ti ìjọba. Kìnnìún kò jẹun níbẹ̀. Àwọn olùtọ́jú rẹ̀ ṣe é títí, ó sú wọn, ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Bámgbóṣé. Bó ṣe sọ̀rọ̀ ni ẹranko náà dìde wá síbi oúnjẹ. Wọ́n gbà á síṣẹ́.

Ṣàíbù náà padà sílé, ó rù, ṣùgbọ́n ó ń béèrè àkàrà kósé ṣáá. Hàúwà ló wá sọ ọ́ fún Keziah ní Kabong, ó sì jókòó tì í bíi ti tẹ́lẹ̀. Ara Keziah fúyẹ́, bí ẹni tó sọ ẹrù wúwo kalẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ wí pé, "Mo mọ̀ pé òótọ́ lò ń sọ nígbà yẹn. Mo kàn ń dúró kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ìjọba ni."

Keziah wá rí i pé gbogbo wọn ló ń dúró de ara wọn, tí ọmọdé fi mu omi ìdọ̀tí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí ohun tó lè pa èèyàn lára, ẹ má dúró de ẹlòmíràn. Ẹ lọ bá ẹni tó lè tún un ṣe, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí, láì fi kún un, láì yọ nínú rẹ̀.