Ẹ̀jẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Aṣọ́lé

Wọ́n lọ jí àbúrò Páńpẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kò dáhùn. Ó ti tutù, ó ti gan. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, kò sí àìsàn. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tó gbá bọ́ọ̀lù lánàá, tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn wá gbé e lọ.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan náà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wà. Àbúrò ń gbá ẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n ń ṣọ́lé. Páńpẹ́ làwọn èrò ìwòran sọ ẹ̀gbọ́n, nítorí bọ́ọ̀lù tó bá kó sí i lọ́wọ́, ó há nìyẹn.

"Ṣé mo sọ ọ́ àbí n ò sọ ọ́?" Ìyàwó Páńpẹ́ ń ké. Oyún méjì ló ti wálẹ̀ lára rẹ̀. "Ìyá Àgbà ni! Òwìwí tó ń bà sórí yàrá rẹ̀ ńkọ́? Ó sin ọkọ méjì, kò bí ẹyọ kan. Ìwọ ló kàn báyìí!"

Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ni Ìyá Àgbà. Òun ló tọ́ àwọn méjèèjì nígbà tí òbí wọn kú.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, Páńpẹ́ ti fi èjìká fọ́ ilẹ̀kùn yàrá Ìyá Àgbà.

"Jẹ́wọ́!"

"Kí n jẹ́wọ́ kí ni? Ọmọ mi ló kú."

"Jẹ́wọ́, kí n tó pa ọ́!" Láti kékeré, kò sọ "ọ" sí i rí.

Ó gbá a mọ́ ògiri. Ìyá gbé apá bojú. Páńpẹ́ gbá apá náà mú, ó lọ́ ọ títí eegun fi dún pá. Ìyá fi ọwọ́ kejì di apá náà mú. Ó kàn ń wò ó.

Orí ìyẹn ni dókítà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn bá wọn.

"Wọ́n ti yẹ òkú wò. Ẹ̀jẹ̀ ló dà sínú ọpọlọ rẹ̀. Nǹkan líle kan ló gbá a ní ẹ̀bátí lánàá."

Páńpẹ́ wo orúnkún ara rẹ̀. Lánàá, bọ́ọ̀lù gòkè wá, ó fò, ó fi ẹ̀ṣẹ́ lé e jáde, orúnkún rẹ̀ sì ba àbúrò rẹ̀ lórí. Ọmọ náà ṣubú, ó dìde, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Ariwo ti kún ìta. Ìyàwó rẹ̀ ti kó àdúgbò jọ: òkúta, igi, táyà, bẹntiróòlù. Páńpẹ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ni mo pa á! Orúnkún mi ni!"

"Àjẹ́ ti dì í lójú!"

Òkúta àkọ́kọ́ ká eyín rẹ̀ méjì. Èkejì là á lórí, ó kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá Àgbà bá ré e kọjá, apá rẹ̀ ń fì dirodiro, ó dúró níwájú wọn.

"Ẹni tẹ́ ẹ wá pa rè é. Ẹ má pa ọmọ mi kejì."

"Ẹ dúró!" Ìyàwó Páńpẹ́ ló figbe ta. "Ọkọ mi lẹ̀ ń pa!" Ó fi ara bo ọkọ rẹ̀. Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Páńpẹ́ kò wọ ibọ̀wọ́ aṣọ́lé mọ́ láéláé. Apá Ìyá Àgbà jiná, ó wọ́, kò ṣeé gbé nǹkan mọ́. Páńpẹ́ ló ń fọṣọ rẹ̀, òun ló ń pọnmi fún un.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí," ló máa ń wí tó bá gbé omi kalẹ̀.

"Mo gbọ́," ni ìyá máa ń dáhùn.