Ayùn Tó Mọ Ẹran Ara

"Bàbá, ẹ gbọ́ ná," ni ọmọkùnrin káfíńtà wí bó ti ń gbá eruku pákó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. "Ta ló tún ń lọ síbi ìpàtẹ àwọn oníṣẹ́ igi láyé ìsinsìnyí? Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí, ó wà lórí fóònù. Iye tí wọ́n ń tà á náà wà níbẹ̀. Kí wá lẹ fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ fún?"

Orí àpótí ni bàbá rẹ̀ jókòó sí, ó ń fi ayùn ọwọ́ rẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kan díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ ńkọ́, Mo-ti-rí-i? Ṣé wàá sìn mí lọ?"

Orúkọ tí gbogbo ilé ń pe ọmọbìnrin náà nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì fà á. Kò sí ohun téèyàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tí kò ní já a gbà lẹ́nu onítọ̀hún: "Mo ti rí i lórí fóònù." Ó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ girama, ọpọlọ rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jọ ṣàdéhùn eré fún ọjọ́ Sátidé yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀, kò lè sọ pé òun ò lọ.

Ẹ̀rọ ayùn ló gé ọwọ́ náà lọ́dún tó kọjá. Dókítà rán an, ó sì jinná, àmọ́ àwọn ìka kan ò ṣeé ká mọ́. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni ẹ̀rù. Láti ọjọ́ náà, bàbá ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn mọ́, kò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sún mọ́ ọn. Ó ju aṣọ bò ó ní kọ̀rọ̀ bí ẹni bo òkú. Ayùn ọwọ́ ni wọ́n ń lò. Iṣẹ́ ọjọ́ kan di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà kan wà tí bàbá gbọ́ pé ayùn kan ti jáde tó máa ń dá ara rẹ̀ dúró bó bá ti kan ẹran ara. Ó bẹ Mo-ti-rí-i pé kó bá òun wá a. Ọmọ náà rí fídíò rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì wò ó dé ìdajì tó fi bú sẹ́rìn-ín.

"Irọ́ gbáà ni, Bàbá. Wọ́n kàn gé fídíò yẹn pọ̀ ni. Irú ẹ̀ kún ibẹ̀ bámúbámú."

Bàbá ní ó dáa. Kò sì dárúkọ ayùn náà mọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n dé gbọ̀ngàn ìpàtẹ. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà ni ariwo. Àwọn tó ń ta ìṣó ń pariwo, àwọn tó ń ta gọ́ọ̀mù ń pariwo jù wọ́n lọ, ọkùnrin kan sì gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ń polówó ìkọ́ ilẹ̀kùn bí ẹni ń kéde pé ayé fẹ́ parẹ́. Mo-ti-rí-i yọ ṣùtì ètè. Ó rí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì fìdí lé e.

"Ẹ máa lọ, Bàbá. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mà á dúró dè yín níbí."

Bàbá wọ àárín èrò lọ lóun nìkan.

Ọmọbìnrin náà tẹ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rojọ́ pé ibi tí òun wà ò ládùn, títí fóònù fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò rí bàbá rẹ̀. Kò tún sí bó ṣe máa pè é. Ló bá dìde, ó wá a lọ sínú.

Nígbà tó kọjá ibi tí àwọn olùpolówó wà, òórùn ló kọ́kọ́ dá a dúró. Òórùn igi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹyọ kan. Ìkan ń ta sánsán bí ata, ìkan rọ̀ bí oyin, ìkan sì rí bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Gbogbo fídíò tó ti wò láyé rẹ̀, kò sí èyí tó sọ fún un pé igi máa ń ní òórùn báyìí.

Iwájú rẹ̀ ni pákó kan wà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gbọọrọ bí afárá, odindi ni wọ́n là á jáde látinú igi kan ṣoṣo, èèpo ṣì wà létí rẹ̀ méjèèjì. Ó na apá rẹ̀ tọ̀tún tòsì, kò kárí i. Àwọn ìlà inú igi náà ń ṣàn bí omi tó pàdé àpáta, tó pín, tó tún padà wá dàpọ̀.

"Fọwọ́ kàn án, ọmọ mi," ni bàbá arúgbó kan tó dúró ti pákó náà wí. "Ìdí tá a ṣe gbé e wá nìyẹn."

Ó fọwọ́ kàn án. Ó tutù, ó sì dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́. Ara rẹ̀ ṣe gììrì, kò mọ ìdí. Ó rìn síwájú. Ó rí kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ìṣó kankan ò sí lára rẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń padé láìdún. Ó rí ẹ̀rọ kan tó ń gbẹ́ ẹyẹ jáde látinú ìtì igi, ìyẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni pé inú igi náà ni ẹyẹ yẹn ti ń sùn tipẹ́. Ó ya ẹnu, ó gbàgbé láti pa á dé.

Lẹ́yìn náà ló rí bàbá rẹ̀ láàárín èrò kan tó pagbo. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò, bó ti máa ń ṣe bí ẹ̀rọ bá ń dún nítòsí. Obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ dúró nídìí ayùn orí tábìlì. Ó tan án, ó sì fi rẹ́ pákó kan wàràwàrà bí ẹni ń ya aṣọ. Ó wá mú ègé ẹran tútù, ó gbé e lé pákó mìíràn, ó sì ń tì í lọ síbi ayùn tó ń yí. Àwọn kan di ojú. Bàbá ò di tirẹ̀.

Gbàù!

Ayùn ò sí lójú tábìlì mọ́, ó ti wọlẹ̀ lọ. Obìnrin náà gbé ẹran náà sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Ojú ibi tí ayùn ti kàn án ò ju ibi tí èékánná ha lọ.

"Irin tó dá a dúró ti bàjẹ́," ló wí. "A máa pààrọ̀ rẹ̀. Irin ṣeé pààrọ̀."

Ẹnikẹ́ni ò tíì pàtẹ́wọ́. Mo-ti-rí-i wo ojú bàbá rẹ̀, ó rí omijé níbẹ̀. Kò rí irú rẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí wọ́n ń rán ọwọ́ pàápàá. Ìgbà yẹn ló yé e. Gbólóhùn kan péré tó fi ẹ̀rín sọ ló ti bàbá rẹ̀ mọ́ ayùn ọwọ́ láti gbogbo ìgbà yìí wá.

Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ irin tán, obìnrin náà bèèrè ẹni tó fẹ́ fi rẹ́ pákó wò. Bàbá fà sẹ́yìn. Kí Mo-ti-rí-i tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti nawọ́.

Wọ́n fi awò ìdáàbòbò sí i lójú. Bí ẹ̀rọ ti ń kùn, ó ń gbọ́ ọ láti àtẹ́lẹwọ́ dé àyà.

"Má dúró sọ́gangan ayùn," ni ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀. "Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ ẹ, mú un kúrò níbẹ̀ yẹn."

Bàbá ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì lé pákó. Ó dúró. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ ọ̀tún jáde wẹ́rẹ́ látinú àpò, ó sì bá tọmọ rẹ̀ lórí igi. Àwọn méjèèjì jọ tì í, pákó sì pín sí méjì gbọọrọ.

Bí wọ́n ti kúrò níbẹ̀ ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Alága bá wọn. Kì í ṣe alága ẹgbẹ́ kankan o, àga ló ń kàn. Ó na ọwọ́ tí kò ní àtàǹpàkò mọ́ sí bàbá.

"Ayùn tèmi náà mọ ẹran ara," ló wí. "Àmọ́ ó fẹ́ràn ẹ̀ ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Àwọn káfíńtà míì tó gbọ́ ẹ̀rín náà sún mọ́ wọn, oníkálùkù ń fi àpá rẹ̀ hàn. Àdúgbò wọn ò jìnnà síra, síbẹ̀ wọn ò pàdé rí. Kò sí ẹni tó lè dá irú ẹ̀rọ yẹn rà nínú wọn. Kí ọjọ́ tó rọ̀, wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn máa dáwó jọ rà á, kó wà ní ṣọ́ọ̀bù Alága, kí wọ́n jọ máa lò ó.

Nínú ọkọ̀, Mo-ti-rí-i ò lè gbójú sókè.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ní irọ́ ni."

"Ohun tó o rò lo sọ," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. "Èmi náà ló yẹ kí n ti wá fojú ara mi wò ó."

Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé, bàbá pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sí ìdí rẹ̀, ó sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ tó ti ń fi pamọ́ fún un látìgbà tí ẹ̀rù ti mú un. Àwọn oníbàárà ò padà lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ń padà.

Ní kíláàsì, ọmọ kan bi Mo-ti-rí-i bóyá ó tún yẹ kéèyàn máa lọ síbi irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀.

Ó ronú kó tó fèsì. "Púpọ̀ nínú ẹ̀, ariwo ọjà lásán ni," ló wí. "Bó bá jẹ́ iye owó lo fẹ́ mọ̀, jókòó sílé. Ṣùgbọ́n bàbá mi dúró síbẹ̀, ó rí i, ẹ̀rù sì kúrò lára ẹ̀. Ó tún pàdé àwọn tó mọ bó ṣe ń ṣe é."

Ẹ̀kọ́ tó kọ́ nìyẹn, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ: kéèyàn rí àwòrán nǹkan ò túmọ̀ sí pé ó ti mọ̀ ọ́n. Kó o tó fi ẹ̀rín pa ìrètí ẹlòmíràn, dìde ná, bá a débẹ̀, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ kàn án.